Àdúrà Tí Gbogbo Wa Lè Ṣe Àmín Sí

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ gbé síwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé gbogboogbò ti ẹ̀ka Abùjá

Ẹ̀yin tí ẹ ti Kubwa wá, ẹ̀yin ará Nyanya àti Karu, ẹ kú ọ̀nà. Ẹ̀yin ará Gwagwalada tí ọ̀nà yín jìn jù, ẹ kú ewu. Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ní kí a gbé síwájú yín lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe di àpò rẹ̀ mú. Ọ̀rọ̀ àdúrà ni.

Gbogbo yín mọ bí a ti ń ṣe é. Bí ìpàdé bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, alága á ní kí onígbàgbọ́ kan gba àdúrà fún wa. Bí ó bá fẹ́ parí, á ní kí Mùsùlùmí kan bá wa ṣe é. Bí oṣù mìíràn bá dé, a ó yí i padà. Àṣà yìí kì í ṣe tiwa nìkan; bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe káàkiri Nàìjíríà, ní ibi ìpàdé àwọn òbí ní ilé ìwé, ní ibi ìfilọ́lẹ̀ afárá àti ibi ìfijoyè. Àṣà tí ó dára ni, nítorí ó kọ́ wa láti dúró de ara wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí arákùnrin wa bá ń pe orúkọ Jésù, ìdajì gbọ̀ngàn á dákẹ́, àwọn mìíràn á máa wo fóònù. Nígbà tí Alfa bá ń ka Fátíhà, ìdajì kejì á dákẹ́. Bí ẹni tí ń gbàdúrà bá sì ti rí i pé àwọn kan kò dáhùn, ohùn rẹ̀ á tún lọ sókè sí i. Oṣù kan wà ní ọdún tó kọjá tí àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ gba ìṣẹ́jú 18. Akọ̀wé ló wo aago. Nígbà tí a fi jókòó, ọ̀rọ̀ ìyá tí wọ́n lé kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí ó tìtorí rẹ̀ wá bá wa, kò rí ìṣẹ́jú 10.

Èyí kéré. Èyí tí ó jù ú lọ ni ti àwọn tí a kì í pè. Bàbá oníṣègùn kan wà láàárín wa, oníṣẹ̀ṣe paraku, tí ó ti ń gbé ní agbègbè yìí kí ìjọba àpapọ̀ tó kó kúrò ní Èkó wá sí Abùjá ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991. Kò jẹ ẹgbẹ́ ní owó oṣù rí. Ó béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ pé ìgbà wo ni yóò kan òun láti dìde kí òun súre. Ìbéèrè náà wà nílẹ̀ títí di òní. Arábìnrin kan náà wà, nọ́ọ̀sì ni, ọmọ tí ó máa ń dìde lóru bí a bá pè é pé ara ọmọ ẹgbẹ́ kan kò yá. Ó sọ fún wa láìfi bò pé òun kò ṣe ẹ̀sìn kankan mọ́. Ìbéèrè tirẹ̀ kúrú: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ẹ bá ní kí gbogbo ènìyàn di ojú, ṣé kí n di tèmi ni, àbí kí n bọ́ síta títí ẹ ó fi ṣe tán?” Ó ti tó oṣù 3 tí a ti rí i kẹ́yìn.

Bí ẹnì kan bá ní kí ni ti àdúrà nínú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́, kí ó rántí ohun tí ẹgbẹ́ yìí wà fún. Ní ilé, bí baba ẹni bá kú, àdúgbò á gbé e. Níhìn-ín, ẹgbẹ́ ni àdúgbò. Ẹgbẹ́ ni ó ń lọ sí tẹ́ṣàn ọlọ́pàá, ẹgbẹ́ ni ó ń dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ẹgbẹ́ ni ó ń wá mọ́tò tí yóò gbé òkú lọ sílé. Láti ìgbà tí rélùwéè ti dé Kánò ní 1911 ni àwọn baba wa ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Àríwá, Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ nínú ọgbà ilé kan náà, nítorí orúkọ ìlú ni ó kó wọn jọ, kì í ṣe orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Ẹni tí àdúrà bá lé kúrò nínú ìpàdé, ẹnu àjèjì ni a ó ti gbọ́ nípa ikú rẹ̀.

Ẹ rántí òkú tí a sin ní ọdún tó kọjá, ẹni tí ó ti wí nígbà ayé rẹ̀ pé òun kò fẹ́ àlùfáà kankan lórí sàréè òun. Àwọn ìbátan baba rẹ̀ mú pásítọ̀ wá, àwọn ìbátan ìyá rẹ̀ mú Alfa wá. Òkú wà nínú mọ́tò, oòrùn ń pa gbogbo wa, iyàn ń lọ. Àgbà obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ ni ó bá wa yanjú rẹ̀. Ó ní kí olúkúlùkù dákẹ́ ná, ó sì bá òkú náà sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ó kí i pé ó kú iṣẹ́ ilé ayé, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí àwọn ọmọ ọlọ́mọ tí ó rán lọ sílé ìwé, ó ní kí ó sùn re, kí ilé tí ó fi sílẹ̀ má ṣe tú. Pásítọ̀ ní Àmín, Alfa ní Àmín, bàbá oníṣègùn ní Àṣẹ. Àwọn ọ̀rẹ́ olóògbé tí kò ṣe ẹ̀sìn kankan ń nu ojú. A sì gbé e sínú ilẹ̀ ní àlàáfíà.

Láti ọjọ́ náà ni ìgbìmọ̀ ti ń wádìí: irú ọ̀rọ̀ wo ni ìyá yìí sọ tí gbogbo ènìyàn fi lè gbà á?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ìlú tí a wà nínú rẹ̀ ti ń ṣe tirẹ̀. Òfin ni wọ́n fi dá Abùjá sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1976, kí ó lè jẹ́ ti gbogbo ọmọ Nàìjíríà láìyọ ẹ̀yà kankan sílẹ̀. Wọ́n ṣí Mọ́ṣáláṣí Àpapọ̀ ní 1984. Gbọ̀ngàn àwọn onígbàgbọ́ ti orílẹ̀-èdè parí ní 2005. Bí ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá bá ń sún mọ́, wọ́n á kírun Jímọ́ọ̀ fún Nàìjíríà ní mọ́ṣáláṣí yẹn, wọ́n á sì ṣe ìsìn fún Nàìjíríà ní gbọ̀ngàn kejì ní ọjọ́ Àìkú. Orílẹ̀-èdè kan, ọjọ́ méjì, ilé méjì. Nínú ọgbà ilé ìjọba ní Aso Rock pàápàá, mọ́ṣáláṣí wà, ṣọ́ọ̀ṣì sì wà. Nígbà tí Bola Tinubu wọ ibẹ̀ ní 2023, òun jẹ́ Mùsùlùmí, ìyàwó rẹ̀ jẹ́ pásítọ̀, ohun tí kò ya ọmọ Yorùbá kankan lẹ́nu. Ìgbìmọ̀ ńlá tí àwọn ẹlẹ́sìn fi ń jíròrò, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1999, Sultan Sókótó àti ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ni wọ́n jọ ń ṣe alága rẹ̀, ìdajì Mùsùlùmí, ìdajì onígbàgbọ́. A kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Àwa tí a mọ ohun tí ojú ti rí ní Kàdúná àti ní Jọ́ọ̀sì mọ̀ pé kí ẹni méjì wọ̀nyí jókòó sídìí tábìlì kan kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ ó rí i pé orí méjì ni ìṣirò náà dúró sí. Oníṣẹ̀ṣe kò sí nínú rẹ̀, ẹni tí kò ṣe ẹ̀sìn kò sì sí nínú rẹ̀.

Òfin Nàìjíríà kò ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin ti 1999, ní abala 10, sọ pé ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kan di ẹ̀sìn ìjọba. Abala 38 fún olúkúlùkù ní òmìnira èrò, ti ẹ̀rí ọkàn àti ti ẹ̀sìn, ó sì fi kún un pé a kò gbọdọ̀ fi ipá mú ọmọ ilé ìwé lọ sí ìsìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí òfin bá lè dáàbò bo ọmọdé lórí ìlà ní ilé ìwé, ó yẹ kí àgbà tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí ìpàdé rí díẹ̀ jẹ nínú rẹ̀. Orin orílẹ̀-èdè ti 1960 pàápàá, tí ìjọba dá padà ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, àdúrà ni ó fi parí, sí Ọlọ́run tí ó dá ohun gbogbo, kò sì dárúkọ ẹ̀sìn kankan.

Ní ti àwọn tí kò gbà pé Ọlọ́run wà, àwọn kan ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, pé kò sí irú rẹ̀ láàárín Yorùbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí Tai Solarin ará Ìkẹ́nnẹ́. Ó ń ṣe ọ̀gá àgbà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Mólúsì ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó fi í sílẹ̀, ó sì dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1956, ilé ìwé tí kò ní ìsìn òwúrọ̀, tí kò sì ní orin ìsìn. Títí ó fi kú ní 1994, kò fi bò pé òun kò gba Ọlọ́run gbọ́. Síbẹ̀ nígbà tí ọdún 1964 wọlé, ó kí àwọn ọmọ Nàìjíríà kú ọdún nínú ìwé ìròyìn, ìkíni tí kò fẹ́ ìrọ̀rùn fún ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ìnira tí ń sọ ènìyàn di alágbára. Ìwúre ni ìyẹn náà, bí ó tilẹ̀ korò lẹ́nu.

A ní láti sọ ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú ìṣọ́ra nítorí ibi tí a ń gbé. Wọ́n mú Mubarak Bala, ọmọ Kánò tí ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn aláìlẹ́sìn, ní 2020 nítorí ohun tí ó kọ sórí Facebook. Ilé ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n ọdún 24 ní 2022. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dín in kù sí ọdún 5 ní 2024, ó sì jáde ní 2025. A kò ní kí ẹnikẹ́ni gbè sẹ́yìn ohun tí ó kọ. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ó bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún wa ní apá Àríwá, ara rẹ̀ ni ó fi lé wa lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí a kò fi dárúkọ ẹnikẹ́ni, tí a sì ti yí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí a mẹ́nu bà padà díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ máa wá nọ́ọ̀sì kiri. Oníṣẹ̀ṣe náà ní tirẹ̀. Ní 2023, ìjọba Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi nítorí ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe tí ó máa ń bọ́ sí ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ. Ní ọdún kan náà, ọ̀rọ̀ ọdún Ìṣẹ̀ṣe di awuyewuye ní Ìlọrin. A ní ìbátan ní gbogbo ibi wọ̀nyí.

Kí a tó dé orí ìmọ̀ràn wa, ó tọ́ kí a sọ ohun tí àwọn tí kò fẹ́ ẹ wí. Àwọn onígbàgbọ́ kan wá bá ìgbìmọ̀. Wọ́n ní àdúrà tí a kò fi orúkọ Jésù parí kì í ṣe àdúrà. Àwọn Alfa wa ní àwọn kò lè fi nǹkan kan ṣe orogún Ọlọ́hun. A gbọ́ wọn. Ẹni tí ó bá ní kí onígbàgbọ́ yọ orúkọ Jésù kúrò nínú àdúrà rẹ̀ kò fún un ní àdúrà, èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó gbà. Nítorí náà a kò ní kí ẹ po ẹ̀sìn pọ̀ bí ẹni ń ro àmàlà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 1986, Póòpù John Paul Kejì pe àwọn olórí ẹ̀sìn ayé sí ìlú Assisi ní Ítálì láti gbàdúrà fún àlàáfíà. Àwọn oníṣẹ̀ṣe láti Áfíríkà wà níbẹ̀. Kò ní kí wọ́n gba àdúrà kan náà. Olúkúlùkù kọ́kọ́ lọ sí ibi tirẹ̀ nínú ìlú, lẹ́yìn náà wọ́n péjọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀, àwọn yòókù sì tẹ́tí. Wọ́n ní àwọn wá papọ̀ láti gbàdúrà, àwọn kò gba àdúrà papọ̀. Àwọn Kátólíìkì kan sì bínú sí i síbẹ̀síbẹ̀, nítorí kò sí bí a ti lè ṣe é tí gbogbo ayé yóò yìn ín.

Ní Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ní New York, òfin 62 nínú ìlànà àpéjọ gbogboogbò wọn ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin, alága á ní kí gbogbo aṣojú dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí yóò gbàdúrà, kí ó gbà á, ẹni tí yóò ronú, kí ó ronú. Àwọn Rọ́ṣíà ìgbà ayé Soviet àti àwọn ará Saudi Arabia jọ wà lábẹ́ òfin kan náà. Àwa náà ní irú rẹ̀ ní Abùjá níhìn-ín. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní lọ́dọọdún, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, wọ́n máa ń fi òdòdó sí ibi ìrántí àwọn ọmọ ogun tí ó kú, wọ́n á fun fèrè, gbogbo ènìyàn á dákẹ́, wọ́n á sì tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́. Ìdákẹ́jẹ́ nìkan kò tó Yorùbá. Òyìnbó lè dákẹ́ kí ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn; àwa, ohun tí ẹnu kò bá sọ, ó máa ń dà bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀. Ibi tí ìyá àgbà yẹn ti gbọ́n nìyẹn.

Ẹ wo èdè wa. Àdúrà tí a ń pè ní tiwa yìí, ẹnu àwọn Mùsùlùmí ni ó ti wá, ó gba ọ̀dọ̀ Haúsá kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni ìwàásù, bẹ́ẹ̀ ni wòlíì, bẹ́ẹ̀ ni àlàáfíà tí a fi ń kí ara wa ní òwúrọ̀. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther ará Ọ̀ṣoògùn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, tí odidi rẹ̀ jáde ní 1884, wọn kò dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀. Wòlíì àti àlùfáà tí wọ́n bá lẹ́nu àwọn ènìyàn ni wọ́n lò. Ọlọ́run àti Olódùmarè sì wà lẹ́nu àwọn babaláwo kí ìwé méjèèjì tó dé. (Ọ̀rọ̀ Èṣù nìkan ni àwọn oníṣẹ̀ṣe ṣì ń bá àwọn atúmọ̀ náà jà lé lórí, a kò sì lè bá wọn parí rẹ̀ lónìí.) Onígbàgbọ́ tí ó bá ní “ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà kí Ọlọ́run fún wa ní àlàáfíà” ti yá nǹkan lọ́wọ́ gbogbo ilé kí ó tó dákẹ́.

Ìwúre ni ọrọ̀ wa jù lọ. Ẹ rántí ìkómọ. Omi wà nílẹ̀, iyọ̀, oyin, obì àti atare. Àgbà gbé omi, ó ní omi kò lọ́tàá, ọmọ yìí kò ní lọ́tàá. Ó fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, ó ní kí ayé rẹ̀ dùn. Ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀? Ọmọ ni, omi ni, àwa tí a dúró yí i ká sì ni pẹ̀lú. Ìwúre kò ní kí a kọ́kọ́ fẹnu kò lórí orúkọ ẹni tí yóò ṣe é. “Kí ilé tòrò” jẹ́ odidi gbólóhùn ní èdè Yorùbá. Ẹlẹ́sìn mọ Ẹni tí yóò mú un tòrò, ó sì lè fi orúkọ Rẹ̀ sí ọkàn. Ẹni tí kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé àwa tí a ń gbé inú ilé ni yóò mú un tòrò. Gbogbo wọn lè ní kí ó rí bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn. A mọ̀ pé àwọn Alfa kan àti àwọn pásítọ̀ kan kì í fẹ́ rí obì àti atare. A kò gbé obì wá sí ìpàdé. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni.

Ohun tí ìgbìmọ̀ ń mú wá nìyí. Bí alága bá ti kan tábìlì, gbogbo wa á dìde, a ó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Nínú ìṣẹ́jú yẹn, onígbàgbọ́ á gba tirẹ̀ ní orúkọ Jésù, Mùsùlùmí á ka Fátíhà rẹ̀ sínú, oníṣẹ̀ṣe á bá orí rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹni tí kò ṣe ẹ̀sìn á ro nǹkan rere tí ó bá wù ú. A kò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni di ojú tàbí kí ó ṣí fìlà. Lẹ́yìn èyí, ẹnì kan á ka ìwúre jáde. Yóò máa yí ká lọ́kùnrin lóbìnrin, bí orúkọ ti tẹ̀ lé ara wọn nínú ìwé ẹgbẹ́, kì í ṣe bí ẹ̀sìn ti rí. Ẹni tí kò bá fẹ́ kà á, yóò kọjá sí ẹni tí ó tẹ̀lé e, a kò sì ní bi í léèrè ìdí. Ẹ lè ní Àmín, ẹ lè ní Àṣẹ, ẹ sì lè dákẹ́. Ìwúre náà nìyí:

A péjọ, a bá ara wa láàyè, a dúpẹ́.
Ọ̀nà tí a gbà wá, kí ó gbé wa padà délé.
Àwọn tí ń ṣàìsàn láàárín wa, kí ara wọn yá. Kí àwa náà má sì gbàgbé àtilọ wò wọ́n.
Àwọn tí ń ṣòwò, kí wọ́n tà, kí wọ́n jèrè. Àwọn tí ń wá iṣẹ́, kí wọ́n rí i.
Àwọn Gbágyi tí ó ni ilẹ̀ àti gbogbo ará Àríwá, kí àlàáfíà wà láàárín àwa àti wọn.
Àwọn ọmọ wa tí a bí síhìn-ín, kí èdè má ṣe sọnù lẹ́nu wọn.
Àwọn tí ó ti kú nínú wa, a rántí wọn.
Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí, kí ó má ṣe tú wa ká.

Alẹ́ mẹ́rin ni a fi kọ ìwọ̀nyí. Pásítọ̀ tí a pè fẹ́ kí “a dúpẹ́” di “a dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa”. Bàbá oníṣègùn fẹ́ kí a dárúkọ orí. Alfa kò gba ti orí. Gbogbo wọn jọ̀wọ́ díẹ̀díẹ̀. Gbólóhùn nípa àtilọ wo àwọn aláìsàn, arábìnrin tí a kò rí mọ́ yẹn ni ó fi í ránṣẹ́ sí wa, a sì rò pé òun ni ó dára jù nínú rẹ̀.

Ní ti ìsìnkú, ìwé pélébé kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Kí olúkúlùkù kọ irú ìsìnkú tí ó fẹ́ sínú rẹ̀ àti ẹni tí ó fẹ́ kí a pè, kí ó fọwọ́ sí i, kí ó sì mú ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú, kí ó má baà sí pé òkú tún ń dúró nínú mọ́tò. Ẹni tí kò bá kọ nǹkankan, ẹbí rẹ̀ ni yóò pinnu. Ìkómọ àti ìgbéyàwó wà lọ́wọ́ onílé gẹ́gẹ́ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀.

A ó fi oṣù 3 dán ìlànà yìí wò, a ó sì dìbò lórí rẹ̀ ní ìpàdé oṣù kẹrin. Ẹni tí ó bá ní àtakò, kí ó wá bá wa kí a tó pín oúnjẹ, tàbí kí ó kọ ọ́ sí akọ̀wé. Orúkọ tí ó wà lókè pátápátá nínú ìwé ẹgbẹ́ ni yóò ka ìwúre náà ní àkọ́kọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a dìde.